Ẹ̀rọ Tó Pe Ìyá Yàhàyá

Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi àwọn tó jókòó sí àgbàlá Alhaji Rájí lọ́jọ́ náà. Gbogbo wọn ò tíì kú tán. Wọ́n ṣì wà ní Sabon Gari, wọ́n kàn ń sá fún ọ̀rọ̀ náà ni.

Àyè Mẹ́kà kan ṣoṣo ló bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ Mùsùlùmí tí Alhaji Rájí ń darí lọ́dún yẹn. Ọgbọ̀n èèyàn ló ń fẹ́ ẹ. Lọ́dún tó ṣáájú ẹ̀, wọ́n mú bébà nínú fìlà, ìjà dé. Ni Yàhàyá, tó ń ta ẹrù àlòkù ní Ibo Road, bá gbé àpótí kékeré kan wá. Tẹ bọ́tìnnì ẹ̀, nọ́mbà pupa á yọ lójú ẹ̀, láti orí ọ̀kan dé ọgbọ̀n, láìtẹ̀lé ara wọn.

"Kò mọ alhaji, kò mọ tálákà," ló wí fún wọn.

Àmọ́ Jethro, tó ń tún rédíò ṣe, ti là á yé e. "Ojú wa ló ń tàn. Ọ̀nà kan náà ló ń tọ̀. Tó o bá pa á, tó o tún tàn án, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ló máa padà sí. Á pe ọgbọ̀n tán, kò ní fo ẹyọ kan."

Yàhàyá dán an wò títí. Mẹ́sàn-án ló máa ń kọ́kọ́ yọ. Òun náà ló sì pín káàdì. Èyí tí wọ́n kọ mẹ́sàn-án sí, ọwọ́ ìyá ẹ̀ ló bọ́ sí. Mẹ́kà ni màmá yẹn ń tọrọ láti ìgbà tó ti ń pọn ọmọ.

Lẹ́yìn ìrun alásárì, eruku ọyẹ́ bo oòrùn. Wọ́n gbé ẹ̀rọ sórí tábìlì. Ewúrẹ́ kan ń jẹ páálí lẹ́bàá ògiri. Ó ṣàdédé dá jíjẹ dúró.

Nọ́mbà yọ. Mẹ́sàn-án.

"Hajiya! Hajiya!" Àgbàlá hó yèè.

Yàhàyá ò hó. Wáyà ẹ̀rọ ṣì wà ní kíká lọ́wọ́ ẹ̀. Kò tíì tì í bọ iná.

"Alhaji, ta ló tẹ̀ ẹ́?" ó bi Alhaji Rájí.

"Haba! Wọ́n fún ẹ lóyin, ò ń bi oyin ní orúkọ bàbá ẹ̀."

Yàhàyá gbé ẹ̀rọ lọ bá Jethro. Wọ́n tàn án. Mọ́kànlélógún yọ. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí ó fi yípo. Gbogbo nọ́mbà yòókù jáde. Mẹ́sàn-án ò jáde. Wọ́n pa á, wọ́n tún tàn án. Kò sí mẹ́sàn-án.

"Nọ́mbà ò ṣeé yọ kúrò nínú ẹ̀ o," Jethro wí. Ó sún kúrò nídìí tábìlì. "Gbé nǹkan ẹ lọ."

Yàhàyá sáré délé. Ìyá ẹ̀ ń di ẹrù, ó ń kọrin wúyẹ́wúyẹ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ mọ́."

"Ṣé wèrè ń ṣe ẹ́ ni? Wọ́n pè mí, kí n má lọ?"

"Èmi ni mo pè yín. Màgòmágó ni. Èmi ni mo ṣe é."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó fa okùn ẹrù le.

"Ohùn tí mo gbọ́ kì í ṣe tìẹ, ọmọ mi. Oríkì mi, Àṣàbí, ló fi pè mí. Ìwọ gan-an, ṣé o mọ̀ pé mò ń jẹ́ Àṣàbí?"

Kò mọ̀.