Rọ́bà Méjìlá fún Ọkọ̀ Kan

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé kò tíì lù tán nígbà tí píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan ya bàrá kúrò lójú títì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilé-ìwé, tó forí sọ ògiri, tó sì pa káfíńtà tó ń wà á. Ilẹ̀kùn tuntun tí bàbá náà ń gbé lọ fún oníbàárà rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ọkọ̀, kò tilẹ̀ họ. Kó tó di aago mẹ́wàá, gbogbo àdúgbò ti mọ ẹni tó pa á. Wọ́n ní Àǹtí Sípánà ni, obìnrin mẹkáníìkì tó tún ọkọ̀ náà ṣe ní Ọjọ́bọ̀.

Iṣẹ́ tó gbà kò ju kó pààrọ̀ rọ́bà lọ. Láàárín bọ́dì tí awakọ̀ ń jókòó sí àti irin ṣáásì tó gbé e, rọ́bà mẹ́fà ló máa ń wà níbẹ̀ kí ọkọ̀ má baà máa lu ara rẹ̀ pa. Tí wọ́n bá ti gbó, bọ́dì á wọlẹ̀, ilẹ̀kùn á máa há, gbogbo ọkọ̀ á máa ké bí ibùsùn àtijọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọlọ́pàá tó ń yẹ ọkọ̀ wò wọ abẹ́ píkọ́ọ̀pù náà, rọ́bà gbígbó ló bá níbẹ̀, gbogbo wọn ti tẹ̀ pẹlẹbẹ. Ó tún rí i pé ìsopọ̀ ọ̀pá sítíárì ti yọ. Ọkọ̀ náà kò gbọ́ ti awakọ̀ mọ́ kó tó dé ibi ògiri.

Inú bí Ìnsípẹ́kítọ̀ tí wọ́n gbé ẹjọ́ náà fún. Obìnrin ni òun náà, ó ti lé lógún ọdún nídìí iṣẹ́ ọlọ́pàá, kò sì sí ohun tó kórìíra tó oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá gba iṣẹ́ tí kò ṣe é. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sọ́wọ́ Sípánà, tó sì mú un fẹsẹ̀ rìn láti ṣọ́ọ̀bù dé àgọ́ lójú gbogbo ayé. Àwọn èèyàn ń pariwo apààyàn tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Ọ̀gá àgọ́ ti sọ pé láàárọ̀ ọ̀la, ilé ẹjọ́ ni, ọgbà ẹ̀wọ̀n ló sì kàn.

"O ṣe iṣẹ́ náà àbí o ò ṣe é?" ni Ìnsípẹ́kítọ̀ bi í nígbà tí wọ́n jókòó tán.

"Mo ṣe é, Màdámù. Mẹ́fà ni mo yọ, mẹ́fà ni mo fi sí i."

"Rọ́bà tó wà lábẹ́ ọkọ̀ yẹn dàgbà ju ìyá mi lọ."

"Èyí tí mo fi sí i kọ́ nìyẹn."

"Ṣé ọjọ́ mẹ́rin péré ni wọ́n fi hu ewú ni?"

Sípánà kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí tábìlì, epo ẹ́ńjìnnì dúdú ní gbogbo èékánná.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é," ló wí. "Ara bọ́dì ni sítíárì wà, ṣùgbọ́n ara ṣáásì lohun tó ń darí táyà wà. Ọ̀pá kan ló so wọ́n pọ̀. Nítorí náà, kéèyàn tó fi jáàkì gbé bọ́dì sókè láti yọ rọ́bà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú ìsopọ̀ ọ̀pá yẹn. Tí kò bá tú u, bọ́dì á máa fà á yọ bó ṣe ń gòkè. Mo ti mọ ìyẹn kí n tó mọ ọkọ mi."

"Rọ́bà tó o yọ ńkọ́?"

"Mo dì í sínú àpò fún Bàbá. Ògbólógbòó nǹkan oníbàárà kì í sùn ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹnì kan purọ́ mọ́ mi pé ṣe ni mo kàn nu tiẹ̀ lásán. Láti ìgbà yẹn, ohun tí mo bá yọ, olóhun ló ń gbé e lọ." Ó gbójú sókè. "Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, Màdámù. Ẹ lọ wá àpò yẹn."

Ìnsípẹ́kítọ̀ kò gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ó lọ. Irọ́ tó ní àpò nínú rọrùn láti já.

Ìyàwó káfíńtà jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀, lórí àpótí, èérún igi yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ń ṣìpẹ̀ fún un. Nígbà tó gbọ́ orúkọ Sípánà, ojú rẹ̀ le.

"Ẹ má dárúkọ ẹ̀ sí mi létí. Oṣù mẹ́rin la fi dúró de rọ́bà yẹn. Ó ti wọ́n bí ojú níbí, ọmọ wa obìnrin ló wá a rí níbi tó wà, tó fi ránṣẹ́. Láàárọ̀ yìí, kí ọkọ mi tó jáde, ó ní, 'Ilẹ̀kùn ọkọ̀ yìí tún ti ń wọ́lẹ̀. Màá yà lọ́dọ̀ Sípánà.' Ohun tó sọ kẹ́yìn fún mi nìyẹn."

"Ó ní ó tún ti ń wọ́lẹ̀," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí. "Ṣé ó ti kọ́kọ́ dára ni?"

"Ó dára. Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ méjèèjì la fi ń gbé e ká tó lè tì í. Nígbà tó gbé e dé ní Ọjọ́bọ̀, ó pè mí jáde, ó ní kí n wá fi ìka kan tì í. Ó ń dunnú bí ọmọdé."

"Ta ló tún wa ọkọ̀ náà lẹ́yìn ìyẹn?"

"Asáré nìkan ni, àbúrò ọkọ mi. Ó yá a ní ọjọ́ Ẹtì láti fi kó yanrìn. Irú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n ní, ọjọ́ kan náà ni wọ́n rà wọ́n. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ ta tiẹ̀, kò fẹ́ kó họ kí ẹni tó fẹ́ rà á tó dé." Ó fẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ó dá a padà lọ́sàn-án Àbámẹ́ta. Gbogbo yín lẹ mọ eré ẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Asáré. Lọ́jọ́ náà, ṣe ló rọra wọlé bí ẹni tó ru ẹyin. Mo tilẹ̀ yìn ín."

Àpò náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, lábẹ́ ayùn. Rọ́bà mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, ó gbó, ó sán. Fáníìṣì pupa ti gbẹ mọ́ ara ọ̀kan nínú wọn.

"Fáníìṣì yẹn dà sínú ọkọ̀ lọ́dún tó kọjá," ni ìyàwó káfíńtà wí. "Ẹ̀yìn ìjókòó ló dà sí, ó sì jò wálẹ̀. Ọkọ mi bínú títí ilẹ̀ fi ṣú."

Ìnsípẹ́kítọ̀ gbé àpò náà dé ọgbà àgọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀ tó fọ́ náà. Lápá ọ̀tún ẹ̀yìn, fáníìṣì pupa wà lára ṣáásì, gan-an níbi tí rọ́bà kan ń jókòó sí. Ṣùgbọ́n rọ́bà tó jókòó síbẹ̀ báyìí kò ní fáníìṣì rárá. Sìmẹ́ńtì ló gbẹ sínú ihò rẹ̀, ó le bí òkúta, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti àwọn márùn-ún yòókù. Káfíńtà kì í sì í ru sìmẹ́ńtì.

Ó dúró. Ó ka mẹ́fà tó wà lábẹ́ ọkọ̀, ó ka mẹ́fà tó wà nínú àpò, ojú sì tì í. Ọwọ́ tó ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ ló ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí. Ìbínú tó ti ń gbé kiri láti àárọ̀ kò lọ, ó kàn yí ojú sí ibòmíràn ni. Ó ní kí kọ́púrà tú Sípánà sílẹ̀, kí wọ́n sì lọ gbé ìyàwó káfíńtà.

Oníbúlọ́ọ̀kù ni Asáré. Nígbà tí wọ́n dé ọgbà rẹ̀, ó ń fọ píkọ́ọ̀pù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní mọ́ṣúárì, òun ń fi kànìnkànìn nu táyà fún ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀. Bó ṣe rí Sípánà, ó ju kànìnkànìn náà sílẹ̀.

"Kí lẹ gbé apààyàn yìí wá ṣe níbí? Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Bí ọmọ ni ẹ̀gbọ́n mi mú un. Ẹ lọ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n."

Ìnsípẹ́kítọ̀ kọjá lára rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn píkọ́ọ̀pù náà, ó sì fi ìka kan tì í padà. Ó tì pẹ́kẹ́, láìpariwo.

"Ọkọ̀ yín gbọ́ràn. Ìgbà wo lẹ pààrọ̀ rọ́bà abẹ́ ẹ̀?"

"N ò pààrọ̀ nǹkan kan. Mo mọ nǹkan tọ́jú ni."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo abẹ́ ẹ̀," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa fi 'ẹ' bá Sípánà sọ̀rọ̀.

Sípánà fẹ̀yìn lélẹ̀, ó wọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀. Ohùn rẹ̀ ti abẹ́ irin jáde wá. "Tuntun ni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Eruku ò tíì mọ̀ wọ́n."

"Àwọn tó jọra pọ̀ lọ́jà," ni Asáré wí kíákíá.

"Oṣù mẹ́rin lẹ̀gbọ́n yín fi wá a," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ dáhùn. "Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Ọkọ̀ kan kì í lo ju rọ́bà mẹ́fà lọ, ṣùgbọ́n rọ́bà gbígbó méjìlá ló wà lọ́wọ́ mi. Mẹ́fà inú àpò, ti ẹ̀gbọ́n yín ni. Fáníìṣì tó wà lára ọ̀kan bá èyí tó wà lára ṣáásì rẹ̀ mu, ìyẹn ni Sípánà kò fi lè rí i gbé wá láti ibòmíràn. Ó yọ ọ́, ó sì fi tuntun sí i. Mẹ́fà abẹ́ ọkọ̀ ni sìmẹ́ńtì gbẹ mọ́, ta ló ń ru sìmẹ́ńtì? Ẹ̀yin lẹ fẹ́ kí ilẹ̀kùn yín tì dáadáa lójú ẹni tó fẹ́ rà á. Ẹ yá ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n yín, ẹ yọ tuntun, ẹ ki tiyín bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò mọ iṣẹ́. Ẹ gbé bọ́dì sókè láìtú ìsopọ̀ sítíárì, ó sì fà á débi pé díẹ̀ ló kù kó yọ."

Asáré wo ilẹ̀.

"Rọ́bà ni mo mú. Rọ́bà lásán. Tí mo bá ti ta ọkọ̀ tán ni ǹ bá wá òmíràn fún un. N ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣe sítíárì, mo fi Ọlọ́run búra. Àṣìṣe ni."

"Ǹ bá pè é láṣìṣe," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe wọlé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta?"

Ìyàwó káfíńtà ti ń wo àbúrò ọkọ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n dé. "Ó rọra wọlé," ló wí. "Ó rọra gan-an."

"Asáré. Láti ọdún wo lo ti ń wa ọkọ̀ tó o fi rọra lọ́jọ́ náà nìkan?" Ìnsípẹ́kítọ̀ ti mú 'ẹ' kúrò lẹ́nu, kò sì fẹ́ dá a padà mọ́. "Kí lo ń bẹ̀rù nínú ọkọ̀ yẹn?"

"Ó ń mì lọ́wọ́ mi díẹ̀ ni."

"O mọ̀. Láti ọ̀sán Àbámẹ́ta títí di àárọ̀ òní lo mọ̀. Tó o bá sọ ọ́, wọ́n á wo abẹ́ ẹ̀, wọ́n á sì rí ohun tó o jí. Lo bá pa ẹnu mọ́, o jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ wọnú ẹ̀. Nígbà tó kú tán, o tún fẹ́ kí ẹlòmíràn bá ọ lọ sẹ́wọ̀n."

"Ìyàwó wa," ni Asáré wí, ó kúnlẹ̀ sínú omi ọṣẹ tó fi ń fọ ọkọ̀, "ẹ gbà mí gbọ́."

"Ẹ jókòó tì wá ní ọjọ́ Àìkú," ni obìnrin náà wí. "Ẹ bá wa jẹun. Nígbà tẹ́ ẹ gbé ọkọ̀ dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo yìn yín. Mo ní, 'Ọkọ mi, ẹ ti di àgbà, ẹ ti ń rọra wakọ̀.' Ẹ wojú mi, ẹ ní, 'Ẹ ṣé.'"

Kọ́púrà fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kan náà sọ́wọ́ Asáré, ó sì gbé e jókòó sínú ọkọ̀ ọlọ́pàá.

Ìnsípẹ́kítọ̀ kọjú sí Sípánà. "Ẹ má bínú sí mi. Ẹ wọlé, ká gbé yín padà sí ṣọ́ọ̀bù."

"Màdámù, ẹsẹ̀ lẹ fi mú mi rìn lọ," ni Sípánà wí, ó ń gbọn yanrìn kúrò lẹ́yìn aṣọ. "Gbogbo ẹni tó ń tajà lójú títì yẹn ló rí mi. Tí mo bá fi ọkọ̀ kọjá lára wọn, ta ló máa mọ̀?"

Ìnsípẹ́kítọ̀ ní kí kọ́púrà máa gbé ọkọ̀ lọ. Òun àti Sípánà gba ọ̀nà tí wọ́n gbà láàárọ̀, nínú oòrùn, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n sì ń rìn. Níwájú ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, ó dúró, ó pe ẹni tó wà nínú ẹ̀ jáde, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún un pé ẹni tí kò ṣẹ̀ lòun mú.