Ọ̀wẹ̀ Àna Tí Fàtáì Ṣe

"Ẹ̀yin fọtogíráfà, ẹ tètè yà mí kí oòrùn tó ba àtíkè mi jẹ́!"

Bí Rùkáyàt ṣe fi Fàtáì ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí i lọ́nà oko Ayétẹ̀, níbi tó ti tẹjú mọ́ ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀.

"Ilẹ̀ ni mò ń wọ̀n, arẹwà. Bí wọ́n bá ní kí n wọn ẹwà tìrẹ, iṣẹ́ ò ní í tán láéláé."

Ẹ̀rín ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìfẹ́ wọ Rùkáyàt lára bí òjò àkọ́rọ̀ ṣe ń wọ ilẹ̀ gbígbẹ.

Awọnlẹ̀ ṣọ̀wọ́n bí ojú nílẹ̀ Ìbàràpá. Àwọn ẹgbẹ́ Fàtáì ti bá òkè òkun lọ. Ìlú kan kọ́ ọmọ, ìlú mìíràn ń jẹ èrè rẹ̀. Iléeṣẹ́ kan ní Kánádà ti pe òun náà, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní í lọ láìmú Rùkáyàt lọ bí ìyàwó.

Búrẹ́mọ̀, bàbá Rùkáyàt, gbà. "Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ọmọ wa, á ṣe ọ̀wẹ̀ àna," ó wí. "Àwọn tó ṣáájú ẹ kọ ebè. Ìwọ, wá bá mi wọn oko."

Fàtáì wọ̀n ọ́n, ó sì ri òkúta ààlà mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni: orí ilẹ̀ Ògúntọ́lá ọlọ́dẹ, aládùúgbò oko wọn, ni gbogbo igi kaṣú tí Búrẹ́mọ̀ ń ká wà.

"Àna tó wá ṣiṣẹ́ ló fẹ́ fi oko mi tọrẹ?" Búrẹ́mọ̀ gbaná jẹ. "Gbé òkúta ààlà yẹn kọjá kaṣú, tàbí kí o gbàgbé ọmọ mi!"

Ẹ̀rù ba Rùkáyàt. Ó lọ bá ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀.

"Olówó orí mi, sún un díẹ̀. Ta ló fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò? Ìwọ nìkan ṣáà ni awọnlẹ̀ tó kù níbí."

"Rùká, bí wọ́n bá mú mi ńkọ́?"

"Wọn ò ní í mú ẹ. Àbí o ò fẹ́ mi mọ́ ni?"

Ó sún un.

Ògúntọ́lá ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìbàdàn ló gbà lọ, ó mú awọnlẹ̀ mìíràn wá. Àṣírí tú. Ẹgbẹ́ àwọn awọnlẹ̀ gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ Fàtáì, nígbà tí àwọn ará Kánádà sì kọ̀wé wá bèèrè ìwà rẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́, èsì tí wọ́n gbà mú kí wọ́n kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ó wá di àdán: kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ.

"Ọmọ mi ò lè fẹ́ ẹni tí wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀," Búrẹ́mọ̀ wí.

"Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kó sún un!"

"Èmi ni mo ní kó sún un. Ta ló ní kó gbà?"

Rùkáyàt sáré gun ọ̀kadà, ó bá Fàtáì ní ibùdókọ̀ Èrúwà, níbi tó ti fẹ́ wọ ọkọ̀ Ìbàdàn, ó di báàgì rẹ̀ mú.

"Mú mi dání. Kódà kó jẹ́ bíríkì lo fẹ́ máa rù n'Íbàdàn, a jọ máa rù ú ni."

"Bíríkì náà ni." Kò rẹ́rìn-ín. "Mo ṣì fẹ́ràn ẹ, Rùká, òun gan-an ló ń pa mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbọ́ ohùn ẹ, iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ mi ni mò ń rántí. N ò lè máa jí bá ìyẹn lójoojúmọ́."

Ó rọra tú ìka Rùkáyàt kúrò lára báàgì náà, ó wọlé sọ́kọ̀.

"Sìsí," agbèrò pariwo, "ṣé ẹ ń lọ ni, àbí ẹ ò lọ? Ẹ kúrò lọ́nà, ọkọ̀ fẹ́ jáde!"

Ó kúrò lọ́nà.