Ọjọ́ Tí Àwọn Ayálégbé Di Ẹbí Alhaji

Ẹ̀yin ọmọléèwé, bí irọ́ kan bá wà nínú ìtàn yìí, kí ọ̀sà gbẹ láti Ẹ̀pẹ́ dé Èbúté Ìkòròdú, kí n fẹsẹ̀ rìn ín. Òótọ́ pọ́nńbélé ni.

Ìdrís dúró lẹ́nu géètì ilé wọn ní Ìkòròdú. Obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba kan dúró níwájú rẹ̀, fọ́ọ̀mù ọwọ́ ẹ̀ gùn bí ẹní. Ilé kejì bàbá Ìdrís ni, Alhaji Sàlímọ́nù tó ń gbé Ẹ̀pẹ́, tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èrò. Owó báńkì ni Alhaji fi kọ́ ọ, owó ayálégbé méjì ló fi ń san gbèsè náà. Bí owó ayálégbé bá já, báńkì á gba ilé.

"Owó orí ilé tí onílé àti ẹbí ẹ̀ ń gbé kéré," obìnrin náà wí. "Ti ilé tí wọ́n fi ń gbowó ló pọ̀. Èwo ni tiyín?"

Ẹnu Ìdrís mú débi pé ó lè fi fárí. "Ẹbí ni gbogbo wa, mà!"

"Bàbá tó kọ àbàjà yẹn ńkọ́?"

Bàbá Adélàjà ayálégbé ni, ará Ọ̀yọ́. "Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, mà. Ó sọnù sí Ọ̀yọ́ ní kékeré."

"Ẹni tó so àgbélébùú mọ́rùn yìí?"

"Festus? Àbúrò bàbá mi."

"Alhaji ló ní àbúrò tó ń jẹ́ Festus?"

"Ilé wa tóbi, mà."

Obìnrin náà wojú ọ̀run, ó kọ ọ́ sílẹ̀: ẹbí ni wọ́n, wọn kì í sanwó ilé. Àwọn ayálégbé méjèèjì fọwọ́ sí i, ẹ̀rín ń pa wọ́n. Lọ́jọ́ kejì, Alhaji náà wá fọwọ́ sí i. Ó rẹ́rìn-ín débi pé àwọn adìẹ tó wà ní Èjìnrìn lọ́hùn-ún ta gìrì.

Nígbà tó yá, àkókò àtisan owó ilé tó. Alhaji rán Ìdrís.

"Owó ilé kẹ̀?" Bàbá Adélàjà họ imú. "Níbo ni ẹ̀gbọ́n ti ń sanwó ilé fún àbúrò?"

Festus gbé àga fún un. "Jókòó, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Kí lo máa jẹ?"

"Màá pe ọlọ́pàá o!"

"Pè wọ́n. Sọ fún wọn kí wọ́n wo fọ́ọ̀mù."

Ìdrís padà sílé, ó ń rò ó. Tó bá ní ayálégbé ni wọ́n, ìjọba á mú bàbá rẹ̀ fún irọ́. Tó bá dákẹ́, báńkì á gba ilé. Iwájú ò ṣe é lọ, ẹ̀yìn ò ṣe é padà sí. Oṣù méjì kọjá báyẹn, lẹ́tà báńkì dé Ẹ̀pẹ́. Alhaji ké pe Ìdrís wá.

"Ìdrís, ẹnu wa ló tì wá mọ́lé."

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ jẹ́wọ́. Èmi ni mo pa irọ́ yẹn, èmi ni màá tú u."

Ìdrís dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ọ́fíìsì obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba yẹn, ó kà á látòkè délẹ̀. Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Festus kẹta tí wọ́n bí sílé àwọn Alhaji lóṣù yìí nìyí."

Wọ́n tún fọ́ọ̀mù kọ, àwọn ayálégbé sanwó. Ṣùgbọ́n owó ìtanràn! Alhaji ta ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, Ìdrís ló wá ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ kó èrò.

Ẹ̀yin ọmọléèwé, irọ́ tó bá ṣílẹ̀kùn fún ọ lónìí, òun náà ló máa tì í pa mọ́ ọ lọ́la. Àjẹ̀ tí Ìdrís wà yẹn mú kí apá ẹ̀ ki, ó tó igi ìrókò! Ẹja ń kí i ní "ẹ kú iṣẹ́ o"! Ọ̀nì kan tiẹ̀...

Olùkọ́ wọn ké mọ́ mi: "Ó tó! Dìde ńbẹ̀, máa lọ sílé yín!"