Àdúà Jímọ̀ Tó Tú Àṣírí Teslim

Àwàdà ni Teslim fi pàdé Nusaybah. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Jímọ̀ tán ní mọ́sálásí Morrow nítòsí Atlanta, ó ń wá bàtà rẹ̀, ló bá rí ọmọbìnrin kan tó jókòó ti tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, tó fẹ́ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò fáwọn èèyàn. Kò sẹ́ni tó yà síbẹ̀. Teslim ní ara òun le kokooko o, àánú tábìlì yẹn ló ṣe òun. Nusaybah ní kó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè kó sì panu mọ́, torí ẹ̀rọ kì í sọ òótọ́ fún aláròyé.

Iléeṣẹ́ adójútòfò ìlera kan ló gba Nusaybah síṣẹ́. Wọ́n ti bá àwọn mọ́sálásí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ṣàdéhùn pé àwọn á máa wá tọ́jú èèyàn níbi tọ́kàn wọn ti balẹ̀, kó má di pé ìgbà tí wọ́n bá dákú ni wọ́n ń gbé wọn lọ ọsibítù. Èrò tó dáa ni. Àmọ́ ta ni nínú wa tó máa na apá fún àjèjì, kó wá ka àìsàn rẹ̀ sílẹ̀ fún un? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wá ẹni tó ń sọ Yorùbá.

Ẹ̀rọ náà dún. Nusaybah wò ó, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó tún un ṣe, bákan náà ló rí. Ẹ̀jẹ̀ Teslim ń ru gan-an.

"Jọ̀ọ́, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́," ni Teslim wí. Kò ṣàwàdà mọ́.

Tírélà ló ń wà. Alhaji Sàídì tó ni tírélà náà kì í kúrò ní sáfù iwájú ní mọ́sálásí yẹn, bó bá gbọ́, ó lè gba ọkọ̀ lọ́wọ́ Teslim. Nusaybah ṣèlérí fún Teslim pé òun ò ní sọ, òfin iṣẹ́ rẹ̀ pàápàá ò gbà kó sọ.

Ibẹ̀ nìfẹ́ ti wọ̀ ọ́. Nusaybah bá a wá dókítà ní Decatur. Bí Teslim bá wà lójú ọ̀nà, á pè é pé, "Ọkọ mi, ṣó o ti loògùn?" Teslim á ní òun ti lò ó, olólùfẹ́ òun, kó jẹ́ kóun gbájú mọ́ títì. Díẹ̀díẹ̀ ló ń sọ ohun tí kò sọ fún ẹnì kankan rí: bí bàbá rẹ̀ ṣe ṣubú kú ní ṣọ́ọ̀bù n'Ísẹ́yìn láìsọ fún ẹnikẹ́ni pé nǹkan ń ṣe òun, àti pé ẹ̀rù irú ikú bẹ́ẹ̀ ń ba òun náà. Ó ní ọ̀dọ̀ Nusaybah nìkan lọkàn òun ti ń balẹ̀.

Ìgbà tó yá, Teslim mú un lọ kí Alhaja, ìyá rẹ̀, l'Austell. Alhaja ò tíì jẹ́ kó kúnlẹ̀ délẹ̀ tó fi ń pè é ní ìyàwó mi. Inú ìdáná ni Nusaybah àti Alhaja wà, àwọn méjèèjì nìkan, nígbà tí Alhaja ní òun ń rí ọmọ òun tó ń gbé oògùn mì níkọ̀kọ̀. Omi bọ́ lójú Alhaja.

"Ìyàwó mi, kí ló ń ṣe é? Bí bàbá ẹ̀ ṣe fi mí sílẹ̀ nìyẹn. N ò ní lè ru ẹlẹ́ẹ̀kejì."

Ó yẹ kó ní kí wọ́n bi ọmọ wọn. Àmọ́ ẹ sọ fún mi, ìyàwó ojú ọ̀nà wo ló máa kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ tó ń sunkún, tó máa ní ọ̀rọ̀ ò kàn wọ́n? Nusaybah sọ ọ́. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni, Alhaja sì gbà. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Alhaja ò kúkú sọ fún èèyàn, lójú tiwọn. Lèmọ́mù mọ́sálásí Morrow nìkan ni wọ́n tẹ̀ láago, pé kí wọ́n bá òun fi àdúà ran ọmọ òun lọ́wọ́, wọ́n sì fi sàárà tì í. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, bí wọ́n ṣe sálámà tán, Lèmọ́mù mú gbohùngbohùn. Wọ́n ní kí gbogbo jámáà tẹ́wọ́ àdúà fún ọmọ wọn Teslim, awakọ̀ tírélà, kí Ọlọ́run bá a ṣẹ́gun ẹ̀jẹ̀ ríru. Àmín gba inú mọ́sálásí kan. Ti Alhaji Sàídì ló le jù, lẹ́yìn náà ló wá ń wojú kiri.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni Alhaji gba kọ́kọ́rọ́ tírélà. Kò bínú o, ó ní ẹ̀rù ìjàǹbá ló ń ba òun. Nusaybah náà jókòó ti tábìlì rẹ̀ títí, kò sẹ́ni tó yà, torí kálukú gbà pé ìdí tábìlì yẹn ni àṣírí Teslim ti jáde. Aunty Yasmin, ọ̀kan lára àwọn tó ti wá mọ́ ọn lára láti máa kọ́kọ́ na apá fún un ní gbogbo Jímọ̀, gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá, wọ́n ní ara àwọn le. Nígbà tó yá, ìgbìmọ̀ mọ́sálásí ní kí iléeṣẹ́ náà máa gbé tábìlì wọn lọ. Iléeṣẹ́ wá fi Nusaybah sídìí tẹlifóònù ní ọ́fíìsì.

Ó lọ bá Teslim níbi tó ti ń kó ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀, tó fẹ́ kó lọ máa gbé ní Houston.

"Teslim, mo jẹ̀bi. Màmá ló bi mí, n ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣe é."

"Mo mọ̀. Èmi náà kì í lè parọ́ fún wọn."

"Ṣé o ò lè foríjì mí ni?"

"Mo ti foríjì ẹ́ tipẹ́, àyànfẹ́." Ó ti bọ́ọ̀tù ọkọ̀ pa. "Àmọ́ ní báyìí, tí nǹkan bá ń ṣe mí, mo máa ń kọ́kọ́ rò ó bóyá kí n sọ fún ẹ. Kò yẹ kéèyàn máa ro irú ẹ̀ sí ìyàwó ẹ̀."

Teslim wọ ọkọ̀. Nusaybah ń wo ọkọ̀ náà títí tó fi yà sí títì ńlá.

Bàbá Nusaybah ní ìgbéraga ló ń da ọmọkùnrin náà láàmú, ọkọ pọ̀ l'Atlanta. Nusaybah ò bá wọn jiyàn. Bó bá wà lọ́fíìsì, tó ń ran àwọn aláìsàn létí oògùn wọn lórí fóònù, àbámọ̀ ló máa ń gbà á lọ́kàn.

Alhaja ṣì ń pè é. Teslim ò sọ nǹkan fún ìyá rẹ̀ mọ́, bí wọ́n bá ti bi í, á ní ara òun ti le, Mà. Lọ́jọ́ kan, Alhaja pe Nusaybah.

"Ìyàwó mi, ìwọ ló mọ̀ ọ́n jù. Má fi pamọ́ fún mi. Báwo ni ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi?"

"N ò mọ̀, Mà," ni Nusaybah fèsì, ì bá sì wù ú kó jẹ́ pé irọ́ lòun ń pa.