Àwọn Tí A Jọ Ń Mí Nínú Yàrá Kan

Èrò kún ibùdó ìlera fọ́fọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bí nọ́ọ̀sì ṣe ṣí fèrèsé ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn ikọ́ ife báyìí, gbogbo ènìyàn dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi tí wọ́n ti ń tira wọn ni ojú ọmọbìnrin kan àti ojú ọkùnrin kan ti ṣe mẹ́rin. Ìbòmú bo imú àti ẹnu àwọn méjèèjì, ojú nìkan ló kù tí wọ́n lè fi kíra. Ojú ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Àyà ọmọbìnrin náà já, kì í sì í ṣe ti ẹ̀rù.

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wo ọmọbìnrin náà báyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìlera àwùjọ ni, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan tó jẹ́ pé bí o bá sín lẹ́nu géètì, àwọn tó wà ní yàrá ìkàwé á ti máa kí ọ pẹ̀lẹ́. Adákẹ́ ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Kì í ṣe pé ó dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ o. Nígbà tí òun àti Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ rẹ̀, jọ ń gbé yàrá ní họ́sítẹ̀lì, àwọn aládùúgbò a máa lu ògiri pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn sùn.

Ikọ́ ló dé. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, Adákẹ́ ń wúkọ́, ó ní eruku ni. Nígbà tí yóò fi lọ ṣe àyẹ̀wò, ní ibùdó ìlera tó jìnnà kí ojúlùmọ̀ má baà rí i, wọ́n ní ikọ́ ife ni.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní họ́sítẹ̀lì, ó lọ gba yàrá kan lẹ́yìn ìlú. Ẹlẹ́rìn-ín bi í léèrè pé kí ni òun ṣe fún un, ó ní kò sí nǹkan kan. Lójú tirẹ̀, ó ń dáàbò bo ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Láti ìgbà náà, tí ó bá wọ kíláàsì, ìdí fèrèsé ló ń jókòó sí, Ẹlẹ́rìn-ín náà á sì wo ibòmíràn. Nínú yàrá tuntun, abọ́ kan, ṣíbí kan, àga kan. Ọjọ́ mìíràn, ó máa ń kàwé sókè kí ó lè gbọ́ ohùn ènìyàn.

Ìdí nìyí tí ojú ọkùnrin yẹn fi wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Káfíńtà ni. Tí wọ́n bá ti gba oògùn tán, wọn a jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, káfíńtà á máa dápàárá pé oògùn náà ti sọ ìtọ̀ òun di omi ọsàn, ó ku kí òun máa tà á. Adákẹ́ á rẹ́rìn-ín títí omi á bọ́ lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó tiẹ̀ kun ètè wá, ó gbàgbé pé ìbòmú yóò bò ó.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni káfíńtà rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àǹtí, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ìlera, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọbìnrin kan wà tí mo fẹ́ fẹ́. Mi ò tíì sọ fún un pé ikọ́ ife ń ṣe mí. Ṣé kí n kàn yẹra fún un títí n ó fi lo oògùn tán?"

Nǹkan kan rọra kú nínú Adákẹ́. Ì bá rọrùn láti ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀, ó gbé e mì.

"Ẹ sọ fún un," ó ní. "Ẹ mú un wá ṣe àyẹ̀wò, bí kò tilẹ̀ wúkọ́ rárá. Afẹ́fẹ́ ni àrùn yìí ń bá rìn tí a bá wúkọ́, ẹ sì ti jọ wà nínú yàrá kan kí ẹ tó mọ̀. Tó bá ti wọ̀ ọ́ lára, sísá tí ẹ sá kò lè yọ ọ́."

"Tó bá wá kọ̀ mí ńkọ́?"

"Á wà láàyè tí á fi kọ̀ yín."

Káfíńtà mi orí. Ó wá bi í, tinútinú, pé ẹni tí Adákẹ́ náà bá gbé ńkọ́, kí ló sọ nígbà tó gbọ́.

Adákẹ́ wo báàgì rẹ̀. Ní kíláàsì, wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí dánrawò: ẹnì kan á ṣe aláìsàn, ẹnì kan á ṣe òṣìṣẹ́ ìlera. Òun ni olùkọ́ yìn jù, Ẹlẹ́rìn-ín ló sì pàtẹ́wọ́ jù. Bẹ́ẹ̀, lẹ́tà tí nọ́ọ̀sì kọ sí ẹni tó bá Adákẹ́ gbé yàrá, pé kó wá ṣe àyẹ̀wò lọ́fẹ̀ẹ́, ṣì wà nínú báàgì náà. Ẹlẹ́rìn-ín sì ti ń wúkọ́ ní kíláàsì báyìí. Ó ní eruku ni.

Adákẹ́ dìde. Ó ṣàdúrà fún káfíńtà pé kí ìyàwó ọjọ́ iwájú gbà fún un, ó sì gba ọ̀nà họ́sítẹ̀lì lọ.

Bí ó ti ń lọ yẹn, ẹ jẹ́ kí á bá ẹ̀yin tí ẹ ń kà á sọ̀rọ̀. Ikọ́ tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má pè é ní eruku, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Ikọ́ ife kì í ṣe èpè, abọ́ tàbí ìbọwọ́ kọ́ ló ń gbé e kiri. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ bo ẹnu tí ẹ bá ń wúkọ́. Tí wọ́n bá fún yín lóògùn, ẹ lò ó tán pátápátá, bí ara tilẹ̀ ti yá. Àwọn tí ẹ jọ ń gbé, ẹ má fi tìtìjú pa wọ́n: ẹ sọ fún wọn, kí wọ́n lọ yẹ ara wọn wò.

Ẹlẹ́rìn-ín ló ṣílẹ̀kùn. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o gbàgbé ẹrù ni?"

"Rárá. Ikọ́ ife ló ń ṣe mí. Ìtìjú ni mo ń sá fún, kì í ṣe ìwọ."

Ẹlẹ́rìn-ín wúkọ́, ó fi ìgbọ̀nwọ́ bo ẹnu. Kò ní kí ó wọlé, kò sì ti ilẹ̀kùn. Ó bi Adákẹ́ léèrè:

"Ṣé wàá tẹ̀ lé mi lọ ṣe àyẹ̀wò?"

"Lọ́la, láàárọ̀ kùtù."

Adákẹ́ na lẹ́tà náà sí i. Ó gbà á.