Ẹ̀wù Keje Inú Agbọ̀n

Ẹ̀wù mẹ́fà ni mo máa ń fọ̀ láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, torí ẹ̀ṣọ́ mẹ́fà ló ń ṣọ́ àwọn ẹranko inú igbó ìjọba tí mo ti ń bá wọn fọṣọ. Lọ́jọ́ Ajé yẹn, méje ni mo bá nínú agbọ̀n.

"Ọ̀gá, ta lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́?"

Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé. "Ìyá, ẹ tún un kà. Bóyá oorun ṣì wà lójú yín."

Mo tún un kà. Méje. Èyí tó lé yẹn tutù bí ẹni pé ìrì sẹ̀ sí i lára. Mo ki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀, mo fa wáyà pańpẹ́ mẹ́ta jáde, irú èyí tí àwọn tó ń jí ẹran pa máa ń dẹ. Ẹrẹ̀ pupa etí odò ṣì wà lára wọn. Nígbà tí mo tẹ́ ẹ̀wù náà sílẹ̀, mo rí bọ́tìnnì kejì. Òwú pupa.

Èmi ni mo fi òwú pupa rán an, torí dúdú ti tán nílé. Ẹ̀wù ọkọ mi ni. Ẹ̀ṣọ́ lòun náà níbí títí ó fi kú. Ẹ̀wù yẹn la wọ̀ fún un kí a tó sin ín, ọdún kẹrin rèé.

Ọmọ mi obìnrin, ẹ̀ṣọ́ tó kéré jù nínú wọn, ti gba ọ̀nà odò lọ láti àárọ̀, òun nìkan, ó ń wá àgbọ̀nrín aboyún kan tí wọn ò rí láti ọjọ́ mẹ́ta.

"Ọ̀gá, ẹ dìde! Pańpẹ́ wà létí odò!"

A sáré. Mo ń pe Ọlọ́run ní gbogbo orúkọ tí mo mọ̀. Bàtà mi kan já sọ́nà, mi ò wẹ̀yìn.

Orí ìkúnlẹ̀ la bá ọmọ mi, ó ń tú wáyà lọ́rùn àgbọ̀nrín náà.

"Ẹ rọra, Màmá. Ẹ má dẹ́rù bà á."

Àgbọ̀nrín náà ta kìtì, ó wọgbó lọ tòun ti oyún rẹ̀. Ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú.

"Ta ló júwe ibí fún ọ?"

"Bàbá kan tó ń lọ níwájú mi. Mo kí i, kò dáhùn, kò sì wẹ̀yìn kí n rójú rẹ̀. Ibi tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, wáyà tó ti já ni mo máa bá níbẹ̀. Ibí yìí ló ti nawọ́ dá mi dúró." Ó fi igi ta ewé tó wà níwájú rẹ̀. Pańpẹ́ irin ńlá pa dé, gbàù! "Màmá, ẹ̀ṣọ́ wo ló máa wọ síńgílẹ́ẹ̀tì lásán wá síbi iṣẹ́?"

Ẹ̀rín pa mí, omijé sì ń bọ́ lójú mi.

"Ẹ̀wù rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi," ni mo wí. "Mi ò tíì fọ̀ ọ́ tán."

Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín.

Mo fọ ẹ̀wù náà, mo lọ̀ ọ́, mo fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo máa padà wò ó, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, mẹ́jọ ni mo bá nínú agbọ̀n. Wáyà kún àpò ẹ̀wù méjì nínú wọn. Kí n tó la ẹnu, ọ̀gá ti mú ìkẹjọ, ó gbé e sún mọ́ imú, ó sì rọra jókòó sórí bẹ́ńṣì mi.

"Ìyá," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà lọ, "ẹ̀wù ẹ̀ṣọ́ bàbá mi olóògbé nìyí."

Mo gbé bàsíà míì kalẹ̀, mo dúpẹ́, mo bu omi sí i.