Inú Ẹpa Tí Obìnrin Kì Í Wò

Láàárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 1981, igbe ta nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan lẹ́bàá Ìlọ́fà. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń mú àlejò yípo ibẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Tíṣà Adépéjú, tó ń mú wọn yípo, ń ṣàlàyé Ẹpa lọ́wọ́, ère ńlá tí eégún máa ń gbé rù, nígbà tí Bàbá Ilésanmí, ọ̀kan nínú àwọn àlejò, ki ọwọ́ bọ inú ère náà.

"Ugi yìí kọ́!" ni bàbá náà ké. "Ugi yìí kọ́ ni ti ulé wa! Ọdún mẹ́jọ ni mọ fi gbé e rù. Orí mi mọ̀ ọ́n!"

Ìdílé rẹ̀ ló yá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Ẹpa náà.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Ọláwuyì gun alùpùpù wá láti Òsì, ẹrẹ̀ dé e lórúnkún. Kì í jágbe mọ́ ènìyàn, ìyẹn sì máa ń ba ọ̀daràn lẹ́rù ju igbe lọ. Nígbà tí yóò fi dé, kọ́ńsítébù kan ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sọ́wọ́ Adépéjú.

"Èmi àti òun nìkan la ní kọ́kọ́rọ́," ni Ọ̀gbẹ́ni Ọláyọdé, alábòójútó ilé náà, wí. "Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ẹ máa gbé e lọ sí Ìlọrin."

Bí wọn kò bá rí ère náà, kọ́ọ̀tù yá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, iṣẹ́ tíṣà Adépéjú sì parí nìyẹn.

Ọláwuyì kúnlẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú ère. Ìta rẹ̀ bá fọ́tò ara ògiri mu láìyẹ̀. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ funfun, ipa ọ̀bẹ sì hàn níbẹ̀ kedere.

"Tíṣà, ìgbà wo lẹ wo inú rẹ̀ gbẹ̀yìn?"

"Inú rẹ̀ kẹ̀?" ni Adépéjú dáhùn. "Ọmọ Áńgílíkà ni mí, sà, ṣùgbọ́n obìnrin kì í wo inú Ẹpa nílùú wa. Mi ò jẹ́ dán an wò."

"Ta ló ń mú àlejò yípo tẹ́lẹ̀?"

Ìbítóyè ni, ẹni tó wá ń ṣọ́ géètì báyìí. Wọ́n pè é wọlé.

"Mo máa ń yí i sókè ni, sà, kí wọ́n rí bí orí àwọn bàbá wa ṣe mú inú rẹ̀ dán bí igbá. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni ọ̀gá ní kí n lọ jókòó sí géètì. Wọn ò sọ ìdí."

"Mọ́tò wo ló ti wá síbí látìgbà náà?"

"Ọ̀kan péré. Ó gbé àpótí fọ́ọ̀mù wá fún ọ̀gá. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni àgbàrá wọ́ afárá lọ. Alùpùpù nìkan ló ń kọjá."

Ọláwuyì yíjú sí Ọláyọdé.

"Ẹ jẹ́ ká rí àpótí náà."

"Ìwé ìjọba ló wà níbẹ̀!"

"Ìjọba ló rán èmi náà."

Wọ́n já àgádágodo. Fọ́ọ̀mù díẹ̀ ló wà lókè. Lábẹ́ rẹ̀ ni Ẹpa wà, wọ́n fi àpò ìdọ̀họ wé e. Bàbá Ilésanmí gbá a mọ́ra, ó bú sẹ́kún.

"Ẹni tó ṣe ayédèrú yìí, fọ́tò ló wò ṣe é," ni Ọláwuyì wí fún Ọláyọdé, "fọ́tò kò sì ya inú. Bí Ìbítóyè bá yí i sókè, àṣírí tú. Ẹ wá wá ẹni tí kò ní wo inú rẹ̀ láéláé. Ẹni méjì ló ní kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n ẹnì kan ló lè pinnu ẹni tí yóò dúró ti ère náà. Àpótí tó gbé ayédèrú wá ni ẹ fẹ́ fi gbé ojúlówó lọ. Òjò ló dí yín lọ́nà."

"Iṣẹ́ èṣù ni," ni Ọláyọdé sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ọláwuyì bọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ Adépéjú, ó fi í sọ́wọ́ Ọláyọdé. Inú ọmọbìnrin náà bàjẹ́ gidi. Ó ń fọwọ́ pa ibi tí irin ti há a lọ́wọ́, ó sì ń wo ọ̀gá rẹ̀.

"Ẹ ní nínú gbogbo tíṣà agbègbè yìí, ọpọlọ tèmi lẹ rí," ló wí. "Ìyá mi pa adìẹ lọ́jọ́ tí ẹ fún mi níṣẹ́ yìí, ọ̀gá. Gbogbo ilé kúnlẹ̀, a gbàdúrà fún yín."